Ìbọ̀sẹ̀ Kérésì Mẹ́jọ

Morọ́láolúwa ọmọ mi,

Aládùúgbò mi ní abúlé Bomo níhìn-ín ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ara mi le. Mo ti fi aṣọ tí ìyá yín fi sílẹ̀ rán ìbọ̀sẹ̀ Kérésì mẹ́jọ, bí òun ti máa ń ṣe. Mo so wọ́n kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọkùnrin méjì tí n kò mọ̀ rí dúró lórí ọ̀kadà, wọ́n ka àwọn ìbọ̀sẹ̀ náà.

"Baba, ẹsẹ̀ mélòó lẹ ní?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ti àwọn ọmọ mi ni. Ọjọ́ kẹtàlélógún ni wọ́n ń dé láti Ìbàdàn."

Láti ìjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọjá.

Ẹ má wá. Pásítọ̀ wa ń kó àwọn ìbọ̀sẹ̀ náà bọ̀. Èmi ò ní fi sàréè ìyá yín sílẹ̀. Sọ fún àwọn àbúrò rẹ pé ọyẹ́ ló mú jù. Bá mi kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì máa dárúkọ wọn.

Bàbá yín