Ìwé Àyẹ̀wò Tí Orúkọ Pẹ̀lúmi Wà Lórí Rẹ̀

Kàbà,
14 Oṣù Kẹwàá, 1997.

Lájídé, àbúrò mi,

Okun o. Mo nírètí pé ara rẹ le ní Ìsánlú, àti pé àwọn ọmọ kíláàsì tí o ń kọ́ ń ṣe dáadáa. Ara tèmi le. Ọmọ mi Pẹ̀lúmi wà láàyè. Mo to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ kí o má baà yí i padà nígbà tí o bá ń rò ó fún ìyá wa.

Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ètè Pẹ̀lúmi wú lẹ́ẹ̀kejì, dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò, kí a lè mọ oúnjẹ tí ara rẹ̀ kọ̀. Ìwọ ni mo fi ìgò náà rán sí ilé àyẹ̀wò ní Ìlọrin, nínú fíláàsì oníyìnyín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, o mú ìwé dé. Orúkọ Pẹ̀lúmi ló wà lókè rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀pà kò lè ṣe é ní nǹkan kan. O jókòó ní pálọ̀ mi, o ń jẹ iyán mi, o sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Àǹtí, ẹ ti fi ìwé tí ẹ kà ní pọlí dẹ́rù ba ọmọ yìí jù. Ẹ jẹ́ kó jẹun!"

Ní Sátidé tó kọjá, mo fi ọwọ́ ara mi bu kúlíkúlí sí gàrí rẹ̀. Kò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí ojú rẹ̀ fi wú dí, tí èémí rẹ̀ sì ń dún bíi fèrè. Ọlọ́kadà ló gbé wa dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní bí a bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́ sí i, òkú ni à bá gbé dé.

Nígbà tí a padà délé, mo ka ìwé náà látòkè délẹ̀, bó ti yẹ kí n ti kà á tẹ́lẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni A. Lórí káàdì ìbí Pẹ̀lúmi, O ni. Mo mọ ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ A nínú ilé wa.

Lánàá tí mo wá bá ọ, o jẹ́wọ́: ìgò fọ́ lójú ọ̀nà, ojú tì ọ́, o sì ní kí ọ̀rẹ́ rẹ ní dìsípẹ́ńsárì fa ẹ̀jẹ̀ tìrẹ sínú ìgò mìíràn tí o kọ orúkọ Pẹ̀lúmi sí. "Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣáà ni gbogbo wa." N kò dá ọ lóhùn níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Ìdáhùn mi nìyí. Ìgò lè fọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n o mọ ẹni tó ni ìwé yẹn, o sì ní kí n jẹ́ kí ọmọ mi jẹun.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti Pẹ̀lúmi ń lọ sí Ìlọrin. Lọ́tẹ̀ yìí, inú ara rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò wà títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Má ṣe wá sílé mi títí n óò fi pè ọ́.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọmọ tìrẹ, kí gbogbo ẹni tí o bá fọkàn tán nípa ọ̀rọ̀ ọmọ náà sì máa sọ òtítọ́ fún ọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ,
Ọmọ́ṣọlá

Àfikún: Ìwé àyẹ̀wò náà wà nínú àpòòwé yìí. Tìrẹ ni. O lè máa jẹ ẹ̀pà.