Fóònù Tí Kò Ní Wáyà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè sọ fún Bọ̀sẹ̀ àbúrò mi, torí òun ló bá yín nílẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí wọ́n fa wáyà tẹlifóònù dé ilé wa? Ẹ ní kí n ra ẹ̀rọ rẹ̀ wá láti Ìlọrin tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Oríṣi méjì ni ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kó síwájú mi: oníwáyà, àti èyí tí kò ní wáyà, téèyàn lè gbé káàkiri ilé. Ó bi mí níbi tí mò ń gbé e lọ. Mo ní Ọ̀fà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé lòun, ó wá béèrè bóyá iná máa ń dúró lọ́dọ̀ wa, torí bí iná bá lọ, èyí tí kò ní wáyà ò ní ṣiṣẹ́.

Bàbá, ẹ ṣáà mọ̀ mí. Kí n jẹ́wọ́ fún ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé, àwọn tó ń bá wa du ilẹ̀ tipẹ́tipẹ́, pé inú òkùnkùn là ń gbé? Mo ní iná kì í lọ ní Ọ̀fà.

“Ẹ mú oníwáyà, ẹ̀gbọ́n,” ló wí. “Wáyà ẹ̀ gùn, á dé yàrá Bàbá.”

Èkejì ni mo mú. Mo sọ fún yín pé nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ni. Inú yín dùn sí i. Ẹ máa ń ṣí fìlà kí ẹ tó gbé e sétí, bí ẹni tó fẹ́ kí ọba.

Lọ́jọ́ náà, Bọ̀sẹ̀ lọ ra iṣu lọ́jà Òjòkú. Iná ti lọ láti àná. Nígbà tó fi máa dé lọ́sàn-án, ẹ ti ṣubú, fìlà yín wà lórí àga, fóònù wà lọ́wọ́ yín, ara yín ti tutù. Ta lẹ ń pè, Bàbá? Ṣé èmi ni? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ tẹ nọ́ńbà náà? Ìdí fóònù ọ́fíìsì ni mo jókòó sí láti àárọ̀, tí mò ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Èmi bá ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé jà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin lẹ ṣubú. Ó dùn mí, ojú sì ń tì mí.

Níbi ìsìnkú yín, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń yìn mí pé mo tọ́jú yín, pé mo tiẹ̀ ra fóònù ìgbàlódé fún yín. Mo ń dá wọn lóhùn, mo ń dúpẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá. Ọkùnrin náà dá mi mọ̀. Ó béèrè bí Bàbá ṣe ń gbádùn fóònù wọn, bóyá iná ò yọ wọ́n lẹ́nu. Mo ní iná kì í lọ ní Ọ̀fà, pé ojoojúmọ́ lẹ fi ń pè mí.

Ẹ dárí jì mí.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.