Ike Ààbò Ara Àwọn Igi Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ilé Kejì sí Ìparí,
Òpópónà Ìsàlẹ̀ Òkè.
Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Ọ̀wàrà, 2022.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìmọ́tótó àti Àyíká,
Ilé Iṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ IKE ÀÀBÒ TÍ WỌ́N FÀ KÚRÒ LÁRA IGI WA, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ WỌ́N DÁ A PADÀ

1. Èmi ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé ní òpópónà yìí. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè mí ní Ìyá Agbẹ̀bí. Ẹ̀hónú ni mo jókòó láti kọ, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu, nítorí òjò ńlá ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ láìpa ẹnikẹ́ni lára.

2. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé wa ya lulẹ̀, ẹrẹ̀ sì fọ́ fèrèsé yàrá ẹ̀yìn wọlé bá àbúrò mi, bíríkìlà, níbi tó ti ń sinmi ọ̀sán. Ó bò ó dé àyà. Ọwọ́ la fi wà á jáde. Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti ṣú, pálọ̀ ni ó ń jókòó sí, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

3. A gbin igi sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kí gbòǹgbò lè di ilẹ̀ mú. Ewúrẹ́ jẹ wọ́n tán. A tún gbin òmíràn. Èyí tí ewúrẹ́ fojú fò, ẹ̀rọ agékoríko gé e mọ́ koríko. Aládùúgbò wa tó ń ránṣọ ní ṣe ni à ń se àsè fún ẹran lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀ka Igbó ti ìjọba ló wá gbà wá, wọ́n fún wa ní ike ààbò. Ike gígùn tó dà bí páìpù ni. A ń fi bọ igi kékeré láti òkè, a sì ń so ó mọ́ èèkàn kí atẹ́gùn má bàa gbé e. Ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú rẹ̀, ọ̀rinrin kì í tètè gbẹ níbẹ̀, ẹnu ẹran kò sì tó ewé. A kì í kúkú gbé ìkókó sílẹ̀ níhòòhò nínú òtútù. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn igi náà yè.

4. Ẹ̀hónú mi nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ akólẹ̀ yín dé. Àṣẹ yín ni pé kí wọ́n kó gbogbo ike tó wà lórí ilẹ̀ ìjọba. Àṣẹ tó dára ni fún ojú gọ́tà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi wá léèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ike ara igi wa. Gbogbo ìlà tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni wọ́n fà tán, igi sì bá ike jáde tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Mo sáré débẹ̀, mo sì ké sí wọn pé kí wọ́n dúró.

5. Awakọ̀ yín kò bú mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, iṣẹ́ tí wọ́n rán wa là ń jẹ́." Mo ní, "Ọmọ mi, mo gbọ́. Ẹ ṣáà bá mi yọjú wo inú ọ̀kan." Ó yọjú wò ó láti òkè, ó ní, "Háà! Ohun ẹlẹ́mìí ló wà níbí." Ó ní kí àwọn yòókù dáwọ́ dúró, ó sì pe ọ́fíìsì yín lórí fóònù níṣojú mi. A gbọ́ pé wọ́n ti ní kó wá wí tẹnu rẹ̀ nítorí iṣẹ́ tó dá dúró.

6. Òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá fi ìyàtọ̀ hàn. Níbi tí wọ́n ti fa igi, ilẹ̀ ya, ó sì dí ọ̀nà ẹsẹ̀. Lókè, níbi tí igi wà, ilẹ̀ kò mì. Àbúrò mi bọ́ bàtà, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sùn, kò sì mọ ìgbà tí òjò dá. Ìyàwó rẹ̀ ní ariwo òjò kò dí òun lọ́wọ́ oorun tó ìhanrun ọkọ òun. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

7. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó àwọn ike tó wà ní àgbàlá yín padà fún wa kí a lè tún ìlà ìsàlẹ̀ gbìn. Ẹ pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan èyí tó kù. Awakọ̀ yẹn kò jẹ̀bi. Ọpẹ́ ló tọ́ sí i. Ní tiwa, bí ara igi bá ti nípọn, àwa fúnra wa ni yóò la ike náà kó má bàa fún un lọ́rùn, a ó sì gbé e wá fún yín kó má di ìdọ̀tí.

8. Bí àyè bá sì gbà yín, ẹ wá fojú ara yín rí i. Ẹ kò ní nílò ẹni tí yóò júwe ilé. Àwọn igi kan ti yọrí lókè ike. Láti ojú títì lẹ ó ti máa rí ewé wọn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìfọ̀kànbalẹ̀,

Ìyá Agbẹ̀bí,
Alága, Ẹgbẹ́ Ará Òpópónà Ìsàlẹ̀ Òkè.