Bí Mo Ṣe Di Alága Orílẹ̀-Èdè Mẹ́ta

Ọ̀fà,
Oṣù Kẹjọ, 1959.

Àdìkẹ́ ọmọ mi,

Fa àga kan kí o jókòó kí o tó ka ìwé yìí, nítorí kì í ṣe baba tí o fi sílẹ̀ nílé ló ń kọ ọ́. Alága orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló ń kọ̀wé sí ọ. Bí ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì ìjọba bá bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, dá a lóhùn, má tijú.

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Èkó? Ṣé ọkọ rẹ náà ń bẹ, òun àti irùngbọ̀n rẹ̀ tó dà bí ìgbálẹ̀ àlòkù? Ẹni tó fi òjò kan ilẹ̀ wa lọ́dún yìí yóò fi ayọ̀ kan ilé yín, ẹ kò ní mu omijé bí omi. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò sí nínú ohunkóhun tí mo bá kọ síbí. Ewúrẹ́ tó ń tiro yẹn ti bí òbúkọ kan, irùngbọ̀n rẹ̀ sì tètè hù, nítorí náà orúkọ ọkọ rẹ ni mo sọ ọ́, kí ó má bínú.

Kí n má baà purọ́ fún ọmọ tí mo bí, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta yẹn, abà ni wọ́n. Abà tiwa ni èkíní, ti Awókọ̀yà lódìkejì odò ni èkejì, ti Jacob tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ni ẹ̀kẹta. Bí a bá ka gbogbo wa pọ̀, a kò ju mẹ́tàdínlógún lọ, ká tó yọ àwọn tó ń mu ọmú kúrò. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọn orílẹ̀-èdè kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ?

Mísì Roseline, tíṣà tó máa ń wá ra iṣu lọ́wọ́ ìyá rẹ, ló mú ìwé ìròyìn wá. Ó kà á fún wa pé àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rin kan lápá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Dàhòmì wà nínú wọn, ti so ọwọ́ pọ̀, pé wọn yóò máa ran ara wọn lọ́wọ́, èyí tó bá rí jẹ yóò bu fún èyí tí kò rí, oyè alága yóò sì máa yípo láàárín wọn. Mo ní ṣé kì í ṣe àáró nìyí? Lónìí kí gbogbo wa kọ ebè lóko rẹ, lọ́la kí a lọ sóko tèmi, títí yóò fi kárí. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Mo wá bi Mísì Roseline pé oko ta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ó ní kò sí nínú ìwé. Irú ìwé ìròyìn wo nìyẹn?

Ṣùgbọ́n fọ́tò wọn wà níbẹ̀. Àwọn aṣáájú náà wọ kóòtù, wọ́n so táì mọ́rùn, bàtà wọn ń dán, kò sí ọkọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sí erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Mo wò ó títí, ó yé mi: alága kì í gbé ọkọ́.

Mo pe Awókọ̀yà àti Jacob jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n gbà pé kí a ṣe é, kí èmi tí mo pè wọ́n jọ sì kọ́kọ́ jẹ alága. Jacob ní oko ta la ó kọ́kọ́ lọ, mo ní oko alága ni, bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí. Ó ní ojú ewé wo, mo ní èyí tó wà nínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ebè ànàmọ́ mi, ó lọ salalu. Èmi dé fìlà funfun, mo ń rìn láàárín wọn, mo ń kí wọn kú iṣẹ́.

Ó wá kan Awókọ̀yà. Ọ̀ṣunníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò lè bá a ṣe iṣẹ́ oko lọ́dún yìí, bí ìtàkùn ànàmọ́ wọn kò bá sì wọlẹ̀ kí òjò tó lọ, kò sí ohun tí wọn yóò jẹ lẹ́ẹ̀rùn. Mo ránṣẹ́ pé alága ń kọ ìwé àdéhùn. Lọ́jọ́ kejì mo tún ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù kọ ìpín tiwọn, wọ́n fi tèmi sílẹ̀ nínú koríko. Lọ́jọ́ kẹta Awókọ̀yà fúnra rẹ̀ dé. Kò bú mi. Ó ní kí n fi fọ́tò yẹn han òun. Ó wò ó pẹ́, ó ní àárọ̀ ni wọ́n ya èyí, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bí ti ìrọ̀lẹ́ bá jáde kí n pe òun. Ó ní òun ń lọ, ìtàkùn òun ń rọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti yanjú, ìrẹ́pọ̀ wà. Bá mi fi ẹ̀rọ ọ́fíìsì yín tẹ ìwé àdéhùn wa ní mẹ́ta, kí o bá wa lu òǹtẹ̀ ìjọba sí i, wọn kò ní mọ̀. Fi aṣọ díẹ̀ ránṣẹ́ fún àsíá, àti owó tí mo fi lè ra ìpara gbígbóná, nítorí oyè alága máa ń mú ni lẹ́yìn. Bí o bá rí i tí ìkọ̀wé mi rí wúruwùru, ẹrù ìjọba ni.

Ilé ọkọ yóò tù ọ́ lára, ọmọ rẹ yóò kọ lẹ́tà sí ọ bí mo ti ń kọ sí ọ, inú rẹ yóò sì dùn láti kà á.

Èmi ni baba rẹ,
Fátóyè.

Ìyá rẹ dúró tì mí, ó ní n kò gbọdọ̀ lẹ ìwé yìí pa láìkọ èyí tó kù. N kì í ṣe alága mọ́, Awókọ̀yà ni. Lọ́jọ́ tó lọ yẹn, mo gbé ọkọ́ mo tẹ̀lé e, èmi nìkan ni mo kọ ìpín mi tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Òun jókòó sábẹ́ igi, ó dé fìlà funfun mi, ó ń kí mi kú iṣẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Ìtàkùn wọn ti ń yọ ewé.