Pupa Ti Lóyún

Ìwó,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìíní, ọdún 2007.

Àsmá'ù ọmọ mi, Àsùnkẹ́ mi,

Àsàlámù àléékùm. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ọkọ rẹ Mikail ńkọ́, ṣé ibi iṣẹ́ ò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run Ọba tó jẹ́ ká rí ẹ̀yìn Iléyá yóò jẹ́ ká ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé, a ò ní fi ẹkún ṣe é. Àwa náà ń bẹ níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àfi orúnkún bàbá rẹ tí ọyẹ́ yìí ń dà láàmú, àti ewúrẹ́ dúdú wa tó bí mẹ́ta tí kò fẹ́ fún ọ̀kan lọ́mú, èmi ni mo ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí o, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gbọ́. Bó o bá rí ibi tí mo ti pa nǹkan rẹ́, àyà mi tó ń já ló fà á.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o pè mí lórí fóònù Bàbá Olúṣẹ̀yẹ, nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì? Ìwọ náà mọ̀ pé inú ilé kọ́ ni fóònù ti ń gbọ́rọ̀ níbí, orí òkìtì tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí la máa ń gùn lọ. Mo ń gun òkìtì náà lọ, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, ni mo gbọ́ tí ò ń pariwo pé Màámi, Pupa ti lóyún, Pupa ti lóyún o, wọ́n lé ní ogún lábẹ́ ikùn! Bí ohùn rẹ ṣe já nìyẹn.

Àsmá'ù, ta là ń pè ní Pupa nílé yìí bí kò ṣe ìwọ? Láti ìgbà tí o ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lo ti ń fi orúkọ yẹn pe ara rẹ, Pupa fẹ́ mumi, Pupa ò lọ sílé kéwú. Ní ti ogún yẹn, mo rò pé ọ̀sẹ̀ ni, nítorí wọ́n ní ọ̀sẹ̀ lẹ̀yin ará Èkó fi ń ka oyún. Mo ní kí Bàbá Olúṣẹ̀yẹ pè ọ́ padà, obìnrin kan ló gbé e, gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Mo kí i, kò jẹ́ mi. Mo bi í pé kí ló fi jẹ́ sí Mikail, ó tún gẹ̀ẹ́sì yẹn sọ bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò yí i padà. Wọ́n ní inú fóònù ló ń gbé. Ọkàn mi ò balẹ̀ lórí obìnrin yẹn, jọ̀ọ́ ṣèwádìí rẹ̀.

Ọdún keje tí o wọlé Mikail rèé, oyún méjì ló sì ti bọ́ lára rẹ. Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí yóò lè pa á mọ́ra? Mi ò lè pa á mọ́ra. Bàbá rẹ gbọ́, ó forí kanlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín, kíkí ojú ọ̀nà ló wà láàárín wa, mo sì ti ń gbọ́ pé ó ti ń wá ìyàwó kejì fún ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù, ó dì mọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì ó ru iṣu márùn-ún wá.

Ọjọ́ Iléyá ni Káyọ̀dé, àbúrò mi tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà lọ́jà Agboju, wálé. Mo bi í pé báwo ni ikùn Àsmá'ù ṣe tó báyìí. Ó ní ikùn wo? Mo ní oyún Pupa. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ìgbà tó wo ojú mi ló tó dákẹ́. Ó ní edé ni. Ó ní dókítà ló ní kí o wá nǹkan jẹ́jẹ́ tí wàá máa tọ́jú kí ọkàn rẹ lè rọlẹ̀, lo bá gbé àpótí dígí kan sí pálọ̀, o pọnmi kún un, o fẹ́ kó edé alààyè sínú rẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ernest, tó ń ta ẹja wíwò, ló bá ọ yàn án. Pé ìwọ ti na ọwọ́ sí èyí tó ní ìlà funfun àti pupa káàkiri ara, ó ní rárá, Àǹtí, ti àwọn tó ti mọ̀ ọ́n sìn dáadáa nìyẹn, bí omi bá yí padà díẹ̀ wọ́n á kú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn pupa kéékèèké yìí ni kó mú, wọ́n lágbára, wọn kì í ṣàṣàyàn oúnjẹ, wọ́n sì ń bí. O mú mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí o fi orúkọ rẹ pè ní Pupa, ló gbé ẹyin tó lé ní ogún sábẹ́ ikùn.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo gbé àwo ẹran Iléyá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo wá rò ó pé bí ìyá Mikail bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, irọ́ ni yóò pè é, orí rẹ ni yóò sì dà á lé. Mo di iṣu mẹ́ta tó kù, mo gbé e lọ bá a. Mo ní etí mi ló ṣì gbọ́, ọmọ mi ò purọ́. Mo ń retí èébú. Ó tẹ́ ẹní fún mi. Nígbà tó ṣe, ó ní Ìyá Àsmá'ù, ọdún mọ́kànlá ni mo fi wá Mikail. Mi ò mọ̀ rí, Àsmá'ù! Ó ní nígbà tó di ọdún kẹsàn-án, àwọn ará ilé ọkọ òun kì í bá òun jẹun mọ́. Ó ní òun ti fetí sí àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì, ojú ń ti òun, òun ò ní fetí sí wọn mọ́. Ó kọ̀, kò gba iṣu. Ó wá bi mí bóyá edé náà ti bí, mo ní mi ò mọ̀.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Ṣé ó ti bí? Káyọ̀dé ní oògùn tó wà nínú omi ẹ̀rọ yín a máa pa edé, pé ẹ gbọ́dọ̀ gbé omi kalẹ̀ nínú ike di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó dà á sí i. Má gbàgbé o. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ kó o kó ẹja ńlá mọ́ wọn, ẹja ò mọ ọmọ ọlọ́mọ, yóò jẹ wọ́n tán. Káyọ̀dé ní o sunkún lọ́jọ́ kan pé ọ̀kan ti kú, àṣé awọ ló bọ́ sílẹ̀ tó lọ fara pamọ́ sábẹ́ ewé. Ọmọ mi, má máa sunkún lórí awọ. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi bá dákẹ́, mú abẹ̀bẹ̀ kó o máa fẹ́ wọn. Ernest ní ìwọ̀nba oúnjẹ ni kó o máa fún wọn kí omi má bàa bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni, kò lè mọ bí ebi ṣe ń pa aboyún. Bu àkàrà díẹ̀ fún un.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Fi owó oògùn orúnkún bàbá rẹ ránṣẹ́, àti owó ọkọ̀ èèyàn méjì. Káyọ̀dé ni kó o fi rán, má fi sí báńkì mọ́. Ìgbà tó o fi sí i lọ́jọ́sí, owó tuntun ni akọ̀wé ibẹ̀ kà fún mi, èmi sì mọ̀ pé owó tuntun kì í gbé lọ́wọ́ rẹ, mi ò mọ owó ẹni tí wọ́n gbé fún mi, mo sì ti ná an.

Èmi àti ìyá ọkọ rẹ ni èèyàn méjì tí mo wí. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí la ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Kí Mikail wá pàdé wa ní Agboju, nítorí Káyọ̀dé ní òpópónà yín ní Festac ò ní orúkọ, nọ́ńbà ló ń jẹ́, mi ò sì mọ bí èèyàn ṣe ń béèrè ọ̀nà nọ́ńbà. Ìyá Mikail ní òun fẹ́ fojú òun rí edé náà. A ti jọ sọ ọ́ lórí ẹní nílé rẹ̀, a sì ti búra fún ara wa, pé kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́ ní ohunkóhun. Àpótí dígí yẹn la ó máa wò, a ò ní wo ikùn rẹ.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ fún mi, ibi kò ní mọ ilé rẹ. Bó bá fún ọ lọ́mọ, a ó yọ̀. Bí kò bá tíì fún ọ, ìwọ ni ọmọ tí èmi tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti rí i gbà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sẹ̀gilọlá.