Ẹ Má Fipá Ṣí Ìkòkò Ẹ̀wà Yẹn O!

Dádì Jabez,

Ẹ kú iṣẹ́ òru. Mo mọ̀ pé ebi ń pa yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fipá ṣí ìkòkò onífúnpá (pressure pot) yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gáàsì ni. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Bó ṣe ń tutù ni ìfúnpá inú rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, ìdérí á wá ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ta ló sọ fún mi? Ìṣirò afẹ́fẹ́ inú táyà tó ń gbóná yẹn ni! Èyí tí ìdáhùn mi ń jẹ́ 422, tí ẹ ní táyà wo ni ò ní bẹ́. Bí ìkòkò ṣe ń súfèé láàárọ̀ yìí ni mo rántí pé mi ò fi 273 kún ìwọ̀n ooru kí n tó pín in! 27 di 300, 57 di 330, ìfúnpá tó jẹ́ 200 bá di 220. Mo wo ẹ̀yìn ìwé: 220! Halelúyà tí mo pariwo, ìyá onílé sáré wá, wọ́n ní ṣé físà wa ti jáde ni. Mo ní rárá o mà, ìṣirò ni.

Mo ti ń sáré lọ wọ mọ́tò ní Ṣàngó, kí ìdánwò àṣewọlé yunifásítì má bàa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta mi rèé, ẹ gbàdúrà kẹ́ ẹ tó sùn. Mi ò rántí bóyá mo fi iyọ̀ sẹ́wà.

Ẹ tètè mọ ìkòkò yẹn lò o. Tí mo bá wọ yunifásítì, ẹ̀yin lẹ ó máa se ẹ̀wà.

Fúnmiláyọ̀ yín