Akàn Àgbádárìgì ní Minna

Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́ Rélùwéè,
Minna.
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kẹfà, 1957.

Margaret, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Baálé rẹ àti ìkókó ńkọ́? Ara tiwa le níbí, àfi ooru.

Akàn méjèèjì tí o fi ránṣẹ́ dé láàyè. Ewé tútù tí o fi bò wọ́n nínú apẹ̀rẹ̀ ló gbà wọ́n là nínú ọkọ̀ ojú irin. O ṣeun, o kú wàhálà. Gbọ́ ohun tí mo fi wọ́n ṣe.

Kí wọ́n tó dé, mo ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé akàn kan wà lọ́dọ̀ wa ní Àgbádárìgì tó ń gbé orí ilẹ̀: ó ń gbẹ́ ihò títí yóò fi kan omi, ewé ló ń jẹ, ìgbà tí abo bá sì fẹ́ tú ẹyin rẹ̀ sómi ló ń lọ sétí òkun. Ọ̀gbẹ́ni Adéyọ̀sọ́lá, ọ̀gá ilé ìwé wa, kà á lójú pátákó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mísì, inú omi ni akàn ń gbé. Ẹ pa irọ́ yìí rẹ́." Mo ní n kò ní pa á rẹ́. Ó ní òun yóò kọ̀wé kí wọ́n yọ mí níṣẹ́. Bàbá mi pàápàá, nígbà tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ rélùwéè dé, ní kí n tẹrí ba. Margaret, ṣebí ẹnu ihò akàn la ti ṣeré dàgbà! Ta ni yóò wá sọ ohun tí mo fojú ara mi rí di irọ́?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bu yẹ̀pẹ̀ tútù sínú garawa ńlá kan, mo tú akàn méjèèjì sí i níwájú kíláàsì. Akọ na ọwọ́ ńlá rẹ̀ sókè bí ẹni fẹ́ jà. Abo kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ló ń gbẹ́. Kò pẹ́ tó fi wọlẹ̀ tán. Nàfísátù, ọmọ Ìlọrin kan tí wọ́n bí síbí, ju ewé ẹ̀fọ́ sí akọ. Bó ti rí i tó ń gé e jẹ, ó fi Haúsá kígbe, "Kai! Yana cin ganye!" Ni gbogbo kíláàsì bá ń pariwo pé ó ń jẹ ewé lóòótọ́.

Ariwo yìí ló mú ọ̀gá wọlé. Ó wo inú garawa títí. Ó ní, "Ẹ ṣì pa á rẹ́."

Mo na aṣọ tí a fi ń nu pátákó sí i. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fọwọ́ ara yín pa á rẹ́ níṣojú wọn." Kò gbà á. Ó jáde.

Kò sọ̀rọ̀ ìwé ìyọníṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n lánàá ló gbé mi lọ sí kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, ó rò pé òun fìyà jẹ mí. Mo gbé garawa mi rù, mo gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ kọjá, gbogbo àwọn ọmọ kéékèèké tò tẹ̀lé mi.

Bá mi kí Màmá àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni tìrẹ, olórí kunkun,
Ẹ̀bùnọlá Ògúnrìndé.